Ìwé ọba àti ìjà oyè: èwo la lè kà sókè fún tọmọdé tàgbà ní Kétu?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Àwọn ọmọ lisé (ilé ìwé girama) àdúgbò wa máa ń pé jọ sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ Sátidé nígbà ìsinmi. A ó ka ìwé, a ó sì jiyàn lé e lórí. Lọ́dún yìí wọ́n ní ìwé tó bá dá lórí ọba, ìdílé ọba àti àwọn tó ń du agbára làwọn fẹ́. Mo ní kò burú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń ka Faransé bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé Yorùbá lé wọn lọ́wọ́, wọn á máa tàsé ohùn. Àwọn àgbà ilé náà sì ti sọ ọ́ di àṣà láti wá jókòó tì wá. Àwọn ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, Yorùbá nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, ìwé tó ṣeé kà sókè ni mo ń wá. Mi ò sì fẹ́ ìwé tó jẹ́ pé oríkì ló kún inú rẹ̀, tí gbogbo ọba ibẹ̀ jẹ́ akínkanjú tí kò lẹ́bi. Ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà Pobẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, eré onítàn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá *Baṣọ̀run Gáà* tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ó jáde ní 1972. Ẹ pín in fún wọn: ẹni kan ni Gáà, ẹni kan ni Aláàfin Abíọ́dún, kí kálukú máa ka ti ẹnu rẹ̀. Yorùbá ibẹ̀ jinlẹ̀, àwọn ọmọ á sì kọsẹ̀ níbi òwe, àmọ́ ibẹ̀ gan-an làwọn àgbà yín ti máa wúlò, torí àwọn ni wọ́n á tú u fún wọn.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìtàn yẹn ni pé ọba kọ́ ni ìkà inú rẹ̀. Gáà kì í ṣe ọmọ oyè, kò lè dé adé láéláé. Olórí Ọ̀yọ́ Mèsì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ Aláàfin kó má baà ya pòkíì mọ́ ìlú lọ́wọ́. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yìí ló láṣẹ láti sọ fún ọba pé àwọn òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọba tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún, ikú ló kù tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Òfin tó dáa ni o, òun ló ń dá ọba lẹ́kun. Gáà wá gba òfin ọ̀hún mọ́wọ́, ó sọ ọ́ di idà tirẹ̀. Láti nǹkan bí 1754 títí di 1774, òun ló ń fi ọba jẹ, òun ló ń sọ pé kí wọ́n kú. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ pé 130 ọjọ́ péré ni Aláàfin Awọ́nbíojú lò lórí ìtẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè: bí ẹni tó ń ṣọ́ ọba bá ya ìkà, ta ni yóò ṣọ́ òun náà? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ariwo máa ta.

Adùkẹ́ Sábẹ̀ẹ
Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni Tíṣà ti gbà sọ yẹn. "Ẹni tó bá láyà kó ṣèkà, ẹni tó bá rántí ikú Gáà kó ṣòótọ́": ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí tí wọn ò mọ ẹni tí Gáà ń jẹ́.

Nǹkan méjì kí ẹ̀gbọ́n fi sọ́kàn. Ibi tí wọ́n ti pa Àgbọ̀nyín, ọmọ Abíọ́dún, le púpọ̀. Bí ọmọ kékeré bá wà ní ìjókòó, ẹ rán an níṣẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Èkejì, wọ́n á gbọ́ pé Ọyábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó gbè sẹ́yìn Abíọ́dún, Àjàṣẹ́ ló wà. Ẹ tètè sọ fún wọn pé Àjàṣẹ́ yẹn kì í ṣe Porto-Novo, kí ọmọ kankan má lọ máa jẹ́rìí pé ará Àjàṣẹ́ tiwa níbí ló pa Gáà.

Ìyá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)
Adùkẹ́, o pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa Àjàṣẹ́ níbí kò nílò ká ya akọni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ní òǹkọ̀wé tiwa. Ọmọ Porto-Novo ni Paul Hazoumé, òun ló kọ *Doguicimi* tó jáde ní 1938. Agbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé Ọba Guézo. Toffa, ọmọọba kan, dìde láàárín ìgbìmọ̀, ó ní ogun tí ọba fẹ́ lọ jà kò bójú mu. Wọ́n lọ jà á náà, ọwọ́ ọ̀tá sì tẹ Toffa. Doguicimi ni ìyàwó rẹ̀. Vidaho, àrẹ̀mọ ọba, ń wá obìnrin yìí lójú méjèèjì, ó ń fi ipò àti ọrọ̀ tàn án, Doguicimi ní òun ò ṣe, ọkọ òun lòun mọ̀. Obìnrin tí kò ní ọmọ ogun kankan lẹ́yìn ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní, síbẹ̀ ààfin Agbómẹ̀ kò rí i tẹ̀.

Àmọ́ kí n má tàn yín: ìwé náà gùn, Faransé inú rẹ̀ sì wúwo. Hazoumé fẹ́ràn àṣà ààfin débi pé yóò pa ìtàn tì, yóò máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn rúbọ. Àwọn kan tún fi sùn ún pé ó kọ ìwé ọ̀hún bí ẹni tó fẹ́ kí inú Faransé dùn sí i, wọn ò sì parọ́ pátápátá. Ẹ mú ibi ìgbìmọ̀ tí Toffa ti sọ̀rọ̀ sí ọba lójú, kí ọmọ kan kà á ní Faransé, kí òmíràn máa sọ ọ́ ní Yorùbá fáwọn àgbà. Toffa inú ìwé yìí kì í ṣe Toffa tó jọba ní Porto-Novo láti 1874 sí 1908, èyí tó fa Faransé mọ́ra torí ẹ̀rù Dàhòmì. Ìyẹn náà tó ìtàn lọ́tọ̀, kí wọ́n wá wo ààfin Honmè bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)
Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ṣé mo lè ka ìwé tó ń gbé Agbómẹ̀ ga níwájú àwọn àgbà Kétu? Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú ìlú yìí rí.

Bàbá Onígẹ̀lẹ̀dẹ́ (Kétu)
Kà á, ọmọ mi. Ta ló máa bínú? Àwa tá à ń gbé inú ìtàn ọ̀hún kì í sá fún un.

Ní 1883 ọmọ ogun Agbómẹ̀ wọ̀lú nígbà tí àwọn jagunjagun wa kò sí nílé, ogun náà ló gbé Ọba Òjékù lọ. Wọ́n tún padà wá, nígbà tó di 1886 Kétu di ahoro, àwọn tí ikú kò pa di ẹrú ní Agbómẹ̀. Glèlè, ọba Agbómẹ̀, ló rán ogun yẹn. Ọmọ Glèlè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ni Béhanzin, òun ni Jean Pliya fi ṣe eré *Kondo le requin*, tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ìwé ní Bẹ̀nẹ̀ ti kà. Nínú eré yẹn, Béhanzin ni ẹja apanijẹ tó ń dúró de Faransé létí òkun. Wọn ò purọ́ mọ́ ọn. Ó jà ní 1892, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894, wọ́n gbé e lọ sí Martinique, Algiers ló kú sí ní 1906, ó jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin ni. Àmọ́ ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun rẹ̀ ni ọ̀nà tó là fáwọn tiwa láti padà wálé, tí wọ́n sì fi Oníyẹgẹ́n jọba ní 1894. Ọdún tí Agbómẹ̀ ń sunkún, ọdún yẹn làwa ń tún orùlé ṣe.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ka eré yẹn tán, kí o yíjú sí àwọn ọmọ, kí o ní kí wọ́n kọ ìran kan sí i: ará Kétu kan tó jẹ́ ẹrú ní Agbómẹ̀, lọ́jọ́ tó gbọ́ pé Béhanzin sá kúrò láàfin. Kí ni yóò sọ? Kí wọ́n ṣe é lójú wa. Èmi á wá gbọ́.

Ọmọ Ìlàrá
Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ Kétu nínú jù ni *The Story of Ketu* tí Geoffrey Parrinder kọ ní 1956, Yunifásítì Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì tún jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ìwé náà kò nípọn, ó to àwọn Alákétu tẹ̀ léra, ó sì sọ bí ìlú ṣe fọ́ àti bí wọ́n ṣe tún un dá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, àwa tá a wà lápá ìhín ààlà lè bá yín túmọ̀ ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ tún wá àwọn ohun tí Fadá Thomas Moulero kọ. Ọmọ Kétu ni, òun ni ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè fadá, ní 1928. Ó kọ̀wé lórí bí Glèlè ṣe ṣẹ́gun Kétu, inú ìwé àtìgbàdégbà *Études dahoméennes* tí wọ́n ń tẹ̀ ní Porto-Novo ló wà.

Nínú Parrinder, ibi tí n bá kọ́kọ́ kà fáwọn ọmọ ni ti ìdílé ọba márààrún: Aláàpínni, Màgbò, Aro, Mẹ̀ṣà àti Mẹ́fù. Bí ọba ìdílé kan bá wàjà, ìdílé tó kàn ni adé yóò bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti jagun tán torí oyè tí wọn kò ronú kan irú ètò yìí.

Tíṣà Pobẹ̀
Ètò náà dáa, àbúrò, àmọ́ ṣé ó pa ìjà oyè ni? Lójú tèmi, inú ilé ló gbé ìjà náà wọ̀. Bó bá ti kan ìdílé kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọmọ ìyálé àti ọmọ ìyàwó, gbogbo wọn á mọ̀ pé bó bá kọjá wọn lọ, ó di ẹ̀yìn ìdílé mẹ́rin mìíràn kó tó tún padà. Ìyẹn lè sọ èèyàn di Gáà nínú yàrá bàbá rẹ̀.

Bàbá Onígẹ̀lẹ̀dẹ́ (Kétu)
Tíṣà, ẹnu yín mú o. Ẹ jẹ́ n fi tiwa tì í, èyí tí kò sí nínú ìwé tẹ́ ẹ máa rà lọ́jà. Ohun tá a gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa nípa bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ìbejì ni Ọba Akẹbíórù bí, Akàn àti Ẹ̀dùn. Nígbà tí bàbá wọn wàjà, oyè dà wọ́n pọ̀ wọ ìjà. Ẹ̀dùn gbọ́ pé ẹnì kejì òun fẹ́ pa òun, ló bá sá lọ sí Ìlóbì. Kò ní ọmọ ogun. Ó gbẹ́ ère, ó wọṣọ fún un, ó sì ta okùn ìkarahun ìgbín sójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn tí Akàn rán dé lóru, ìkarahun dún woroworo, wọ́n rí ohun tó dúró nínú òkùnkùn, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí náà ni UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé ní 2001, tó wá wọ ìwé wọn ní 2008. Ará Ìlóbì àti ará Kétu ṣì ń bára wọn fà á pé ọ̀dọ̀ ta ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká wọ ìyẹn lónìí.

Àwọn ọmọ mọ ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ìjà oyè ni wọ́n ní ó bí i. Sọ ọ́ fún wọn kó o tó ṣí ìwé kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kalavi
Mo kí ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún ọmọdé láyè. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àkàbà ní Faransé ló yá àwọn ọmọ lẹ́nu, nítorí náà ẹ fi *Soundjata* ti Djibril Tamsir Niane sí i, 1960 ló jáde. Ẹnu akéwì ààfin Mali ló ti gbà á, ó kúrú, gbólóhùn rẹ̀ rọrùn láti yí sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò lè rìn, tí ìyàwó àgbà ọba ń fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín, ló padà di olúwa gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún.

Àmọ́ èyí tó ṣe mí bí nǹkan ni *Chaka* ti Thomas Mofolo. Èdè Sesotho ló fi kọ ọ́, àwọn míṣọ́nnárì fi pa mọ́ fún ọdún púpọ̀, ìgbà tó di 1925 ló tó jáde, ó sì wà ní Faransé. Ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ni Chaka níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń lù, tí ẹnikẹ́ni kò gbè. Àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ìgbà yẹn ni oníṣègùn kan, Isanusi, pàdé rẹ̀, ó ní òun á fún un ní ìjọba. Gbogbo ìgbà tó bá padà wá ló ń bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ sí i. Chaka á ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, owó tí oníṣègùn ní kó san ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn jù láyé, Noliwa, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ṣe. Ìwé yẹn kì í sáré dá ẹjọ́, ṣe ló ń jẹ́ kéèyàn rí i pé ibi tí Chaka ti sọ bẹ́ẹ̀ ni àkọ́kọ́, àwa náà ìbá ti sọ ọ́.

Bó bá ṣẹ́ kù, *La Tragédie du roi Christophe* ti Aimé Césaire, 1963. Ọ̀gágun tó bá wọn lé Faransé kúrò ní Haiti ni Christophe, ó dé adé ní 1811, ló bá ń fi ipá kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú lọ kọ́ odi lórí òkè. Ní 1820 wọ́n dìtẹ̀ sí i, ó sì pa ara rẹ̀. Àti *Macbeth*, eré Shakespeare lórí ọkùnrin tó pa ọba tó wá sùn nílé rẹ̀. Àti *Le Prince* ti Machiavelli, ìwé ìmọ̀ràn fún ọba, tí kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Tíṣà Pobẹ̀
Fi Machiavelli sílẹ̀ o, àbúrò. Mo mọ̀ pé 1513 ló kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé gbogbo òṣèlú ló ní in lẹ́yìn ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kò ní ìtàn tó gbé e dúró, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á kàn kó gbólóhùn mẹ́ta tó gbóná jù níbẹ̀, á máa fi halẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀. *Macbeth* dáa, ó sì lè dúró ti *Chaka* dáadáa: nínú méjèèjì, ẹnì kan ló wá sọ fún ọkùnrin pé yóò jọba, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ìyókù.

Adùkẹ́ Sábẹ̀ẹ
Láti òkè wá, ọkùnrin ló ń du oyè, obìnrin ń kú. Ẹ fi *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* sí i, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1970. Ìyálóde Ìbàdàn ni, ó lówó, ó lẹ́rú, àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù rẹ̀. Eré yẹn dùn ún kà sókè ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti dárúkọ lọ, Adétutù, ẹrúbìnrin inú rẹ̀, nìkan á pa gbogbo ìjókòó lẹ́kún.

Àmọ́ ẹ má kà á bíi pé ìtàn ìlú ni gbogbo rẹ̀. Nínú eré, ìkà paraku ni, ó sì gbé májèlé jẹ. Àwọn òpìtàn, pàápàá Bọ́láńlé Awẹ́, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nídìí rẹ̀: ó ń tako ogun tí Ààrẹ Látòósà ń jà láìsinmi, Látòósà gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874, wọ́n sì ran àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru. Ẹ ka eré tán, kẹ́ ẹ sọ ìtàn yìí, kí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin kankan tó yanu.

Ìyá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)
O ṣeun, Adùkẹ́. Ẹ fi ti Tassi Hangbé kún un, obìnrin tí wọ́n ní ó jókòó lórí ìtẹ́ Agbómẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò nínú orúkọ àwọn ọba. Wọ́n ṣe Adandozan náà bẹ́ẹ̀. Ó jọba láti 1797 sí 1818, Guézo tí mo dárúkọ lókè ló lé e, Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú, sì ràn án lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ Adandozan ní ìsọkúsọ pé wèrè ni, pé ìkà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ilé ẹni tó gba adé rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ẹ rántí èyí nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka *Doguicimi*, torí Guézo yìí náà ni ọba ibẹ̀.

Ọmọ Ìlàrá
Ọ̀rọ̀ rírí ìwé ńkọ́? Eré Yorùbá, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Èyí tó wà ní Faransé, ẹ wá a ní Kútọnu, tàbí kẹ́ ẹ lọ kà á ní ilé ìkàwé ìjọba ní Porto-Novo. Ìwé Samuel Johnson ti 1921 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, *Macbeth* náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá ní Nàìjíríà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bẹ̀nẹ̀: ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ni ɛ tiwọn, ṣ ni sh, p ni kp. Bí ẹ bá kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á gbà á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi, Bàbá, Màmá, gbogbo yín. Ìtàn Akàn àti Ẹ̀dùn la ó fi ṣí i, lẹ́nu Bàbá fúnra wọn bí wọ́n bá gbà. Gáà ló kàn, lẹ́yìn náà *Kondo* àti ìran tí Bàbá ní ká kọ. *Chaka* máa dúró de ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n Adùkẹ́, Ẹfúnṣetán ni ti àwọn ọmọbìnrin, àwọn ni yóò yan ọjọ́. *Doguicimi* odindi, màá dá kà á ná. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ bá mi ra *Baṣọ̀run Gáà* mẹ́rin bọ̀, màá san án ní sẹ́fà.

Adùkẹ́ Sábẹ̀ẹ
Kẹ́ ẹ tó tú ká: kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé Sábẹ̀ o! Montserrat Palau-Marti kọ *L'Histoire de Sabe et de ses rois*, 1992. Biodun Adediran náà kọ ìwé lórí àwa àti Kétu àti Ìdáàṣà, 1994, Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀.

Ọmọ Ìlàrá
Èmi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni mo máa gbà. Mẹ́rin ò ní tó yín, ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà ni màá rà. Kí Tíṣà san ti ọ̀kan, torí òun ló dá ọ̀rọ̀ Gáà sílẹ̀.

Tíṣà Pobẹ̀
Mo gbà. Àmọ́ èmi ni màá jẹ́ Gáà.